Ìṣirò Epo Rọ̀bì

Ní ọdún 1956, Hubbert, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Shell, wí pé epo rọ̀bì tí wọ́n ń wà ní Amẹ́ríkà yóò dé góńgó ní nǹkan bí ọdún 1965 sí 1970, yóò sì máa dín kù. Lójú àwọn onímọ̀ ìjọba, ọjọ́ náà ṣì jìnnà réré. Wọ́n ṣírò bí ẹni pé gbogbo ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ tí a bá gbẹ́ yóò máa mú epo wá bákan náà títí lọ. Bẹ́ẹ̀ ibi tí epo pọ̀ sí jù ni a sábà kọ́kọ́ ń rí! Lẹ́yìn ọdún 1970, epo náà dín kù ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n kí a má yin Hubbert jù: nígbà tí wọ́n fi agbára omi fọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀, epo tún pọ̀, ó sì ju ti ọdún 1970 lọ ní ọdún 2018.