Nígbà Tí Kíkà Di Oríṣi Méjì

Ní ọdún 1973, John Darley àti Daniel Batson gbé ìwádìí kan jáde tí ẹni tó bá ti kà á lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Ogójì akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kó jọ. Wọ́n ní kí àwọn kan lọ sọ̀rọ̀ lórí aláàánú ará Samáríà inú Bíbélì, kí àwọn yòókù sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tó yẹ ẹni tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́ náà. Ilé mìíràn ni wọ́n ti máa sọ ọ́, wọ́n sì ní láti rìn débẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé wọ́n ti pẹ́, kí wọ́n yára. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé àkókò ṣẹ̀ṣẹ̀ tó. Wọ́n ní kí àwọn tó kù fara balẹ̀, àyè ṣì wà. Lójú ọ̀nà, ní ẹnu ilẹ̀kùn kan, ọkùnrin kan wó jókòó síbẹ̀, ó dorí kodò, ó dijú, ó ń wúkọ́, ó ń kérora. Àwọn olùwádìí ló fi í síbẹ̀.

Nínú àwọn tí ara wọn balẹ̀, 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló ran ọkùnrin náà lọ́wọ́. Nínú àwọn tí àkókò ṣẹ̀ṣẹ̀ tó fún, 45. Nínú àwọn tó ń kánjú, 10 péré. Bí ẹni náà bá ń lọ wàásù aláàánú ará Samáríà, kò fi bẹ́ẹ̀ yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn olùwádìí kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré lọ sọ ìtàn Samáríà gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí aláìsàn náà.

Inú Journal of Personality and Social Psychology ni iṣẹ́ yìí ti jáde. JPSP ni àwọn tó ń lò ó ń pè é, ó sì wà lára àwọn jọ́nà tí orúkọ wọn rinlẹ̀ jù nínú saikọ́lọ́jì, ìmọ̀ tó ń wádìí ìrònú àti ìwà ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń ka ìwé tó tún fi ń ka owó. Ẹni tó bá ka ìwádìí Darley àti Batson mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó àádọ́ta ọdún báyìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka jọ́nà yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ka owó. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Dókítà kan ní Boston, Morton Prince, ló bẹ̀rẹ̀ ìdílé jọ́nà náà. Ní 1906 ló dá Journal of Abnormal Psychology sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ. Ní 1921 wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìbágbépọ̀ ènìyàn kún un, nígbà tó di 1926 Prince fi í ta APA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì Amẹ́ríkà, lọ́rẹ. Inú rẹ̀ ni Stanley Milgram ti kọ ọ́ ní 1963 pé 26 nínú ogójì ọkùnrin tẹ bọ́tìnì iná mànàmáná títí dé orí 450 volt, kìkì nítorí pé olùwádìí ní kí wọ́n máa bá a lọ. (Kò síná níbẹ̀, ẹni tí wọ́n rò pé iná ń gbé ní yàrá kejì ń díbọ́n ni.) Nígbà tó fi di 1965, ilé ti há. Wọ́n pín jọ́nà náà sí méjì: àìsàn ọpọlọ bá tirẹ̀ lọ, ìwà àti ìbágbépọ̀ di JPSP. Láti 1980 ni JPSP fúnra rẹ̀ ti ní ìpín mẹ́ta.

Ẹni tó kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń ka iye kì í ṣe onímọ̀ saikọ́lọ́jì rárá. Eugene Garfield, ọmọ Bronx ní New York, ló kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Science ní 1955. Ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà ló ti rí ọgbọ́n náà mú. Láti 1873 ni ilé iṣẹ́ tí Frank Shepard dá sílẹ̀ ti ń ṣe ìwé kan fún àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà. Bí lọ́yà bá fẹ́ gbé ìdájọ́ àtijọ́ kan lé adájọ́ lọ́wọ́, ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Yóò rí gbogbo ẹjọ́ tó ti dárúkọ ìdájọ́ náà láti ọjọ́ yẹn wá. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò rí àmì tó ń sọ bóyá adájọ́ tó tẹ̀ lé e gbè é lẹ́yìn, tàbí ó bá a jiyàn, tàbí ó ti dà á nù pátápátá. Lọ́yà tí kò bá wo àmì yẹn lè dìde nílé ẹjọ́ pẹ̀lú òkú ìdájọ́ lọ́wọ́.

Garfield ní kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ní irú rẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ kan bá kọ iṣẹ́ tuntun, yóò dárúkọ iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn ni ìtọ́kasí. Bí a bá kó gbogbo ìtọ́kasí jọ sójú kan, ẹni tó fẹ́ lo iṣẹ́ kan á tètè mọ àwọn tó ti rí àléébù rẹ̀, kò ní máa gbé irọ́ tàbí àṣìṣe kiri. Ohun tó kọ ní 1955 nìyẹn, ohun tó dáa sì ni. Ní 1964, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia gbé Science Citation Index jáde. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ńlá yẹn, àmì àwọn lọ́yà bọ́ sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n dá wà níbẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n dá a wà níbẹ̀. Bóyá wọ́n fi yìn ín ni o, bóyá wọ́n fi bú u ni o, kò sí.

Òun àti Irving Sher ló tún gbé ìṣirò tí wọ́n ń pè ní impact factor kalẹ̀, láti fi mọ jọ́nà tó yẹ kí wọ́n kó sínú ìwé wọn. Kò le. Mú iṣẹ́ tí jọ́nà kan gbé jáde láàárín ọdún méjì, ká ní wọ́n jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Wá wo iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí wọn ní ọdún kẹta, ká ní irinwó, ìyẹn 400. Fi ọgọ́rùn-ún pín in: mẹ́rin. Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń tẹ èsì yìí jáde lọ́dọọdún, tí àwọn jọ́nà sì ń tò lẹ́yìn ara wọn bí àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n ń pe ipò.

Ọdún méjì! Ìrònú ènìyàn kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ní 1986, Reuben Baron àti David Kenny kọ ojú ewé mẹ́wàá sínú JPSP. Wọn ò wádìí ìwà ẹnikẹ́ni. Irinṣẹ́ ni wọ́n rọ fún àwọn tó ń wádìí. Bí ọ̀gá bá ń fìyà jẹ òṣìṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ sì fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣé ìyà ló lé e lọ tààrà, àbí ìyà ló bí ìbínú, tí ìbínú wá lé e lọ? Àbí àwọn tí kò ní bùkátà nílé nìkan ni ìyà ń lé lọ? Wọ́n kọ́ni bí a ṣe lè fi ìṣirò ya ìbéèrè wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ó wà lára ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n tíì tọ́ka sí jù lọ láyé, gẹ́gẹ́ bí Nature ṣe tò wọ́n ní 2014. Àwọn nọ́ọ̀sì ń lò ó, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń lò ó, olùkọ́ ń lò ó. Ẹni tó bá ti ka iṣẹ́ àkàgboyè ní ẹ̀ka saikọ́lọ́jì lọ́dọ̀ wa níbí máa ń bá “Baron and Kenny, 1986” pàdé níbẹ̀. Síbẹ̀, láti 1989 títí di òní, ẹyọ ìtọ́kasí kan sí i kò wọ inú impact factor JPSP. Ọdún méjì rẹ̀ ti pé.

Ohun tó wà nínú jọ́nà náà ń yí padà ní gbogbo àkókò yìí. Roy Baumeister, Kathleen Vohs àti David Funder ṣí JPSP láti 1966, wọ́n ń fi ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá fò ó síwájú, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2007. Ní 1976, ìwádìí tó ń wo ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ló gbòde. Nígbà tó di 2006, ó ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí wọ́n ń wádìí ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi ìka tẹ ìdáhùn. Lójú tèmi, kò ṣòro láti mọ ìdí. Fífi ọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn kó máa kérora, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọjá níkọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Jọ́nà ńlá sì ti ń béèrè ìwádìí mẹ́rin, márùn-ún, nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ta ni yóò wá lọ dúró lójú ọ̀nà?

Àwọn wo ló tilẹ̀ ń tẹ kọ̀ǹpútà náà? Jeffrey Arnett dáhùn ní 2008. Nínú àwọn ìwádìí tí JPSP gbé jáde ní 2007 tí wọ́n fi ará Amẹ́ríkà ṣe, 67 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ saikọ́lọ́jì ní yunifásítì nìkan ni wọ́n lò. Ó tún wo jọ́nà APA mẹ́fà láti 2003 sí 2007: 68 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n wádìí jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀ kò tó ẹyọ kan. “Ènìyàn” ni wọ́n ń kọ sí àkọlé. Ìyá alákàrà ní Mọ́kọ́lá kò sí lára wọn.

Ní 2011 ni wàhálà bẹ́. Daryl Bem ti yunifásítì Cornell, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti pẹ́ nínú ìmọ̀ yìí, gbé ìwádìí mẹ́sàn-án jáde nínú JPSP, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó lò. Nínú èyí àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á wo aṣọ ìkélé méjì lójú kọ̀ǹpútà, á yan èyí tó rò pé àwòrán wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá yàn án tán ni kọ̀ǹpútà á ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu ibi tí àwòrán máa wà. Ìdajì ló yẹ kó gbà. Nígbà tó jẹ́ àwòrán ìbálòpọ̀, wọ́n gba 53.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Bem ní ẹ̀rí nìyẹn pé ara ènìyàn ń mọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. (Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí gbè Ifá lẹ́yìn, kó rọra. Babaláwo tó bá fi mẹ́ta ju àádọ́ta lọ, ebi ni yóò pa á.)

Àwọn olóòtú tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì tẹ àríwísí Eric-Jan Wagenmakers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn nínú ẹ̀dà kan náà. Ohun tó ba àwọn onímọ̀ lẹ́rù kì í ṣe pé Bem rú òfin. Ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà ló gbà. Bí ọ̀nà yẹn bá lè mú ènìyàn dé ibi tí ọ̀la ti ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú òní, kí ló tún kù tí kò lè mú un dé? Ní ọdún yẹn kan náà, Joseph Simmons, Leif Nelson àti Uri Simonsohn fi ìṣirò tí gbogbo èèyàn ń lò “fi ẹ̀rí hàn” pé gbígbọ́ orin “When I'm Sixty-Four” ti àwọn Beatles máa ń dín ọjọ́ orí ènìyàn kù ní bí ọdún kan ààbọ̀. Kì í ṣe pé ó ń mú ara wọn yá o. Ọjọ́ orí gan-an ni. Wọ́n mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, ìdí tí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Stuart Ritchie, Richard Wiseman àti Christopher French tún ọ̀kan nínú ìwádìí Bem ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí JPSP. Jọ́nà náà dá a padà pé àwọn kì í tẹ àtúnṣe ìwádìí ẹlòmíràn. PLoS ONE ló tẹ̀ ẹ́ ní 2012. Kí n má rẹ́ JPSP jẹ: kí ọdún náà tó parí, ó tẹ àtúnṣe mìíràn láti ọwọ́ Jeff Galak àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn náà kò rí nǹkan kan.

Nígbà tó di 2015, Brian Nosek àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ tó para pọ̀ tún ìwádìí ọgọ́rùn-ún ṣe láti inú jọ́nà mẹ́ta, JPSP wà lára wọn. Nínú àwọn ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn rí ohun tí àwọn ń wá. Nígbà àtúnṣe, 36 ni. Nínú 31 tó ti JPSP wá, méje péré ló dúró.

Ibi tí àmì àwọn lọ́yà ti já bọ́ wá dun ni gan-an níbí. Iṣẹ́ Bem jáde ní 2011, nítorí náà gbogbo ìtọ́kasí sí i ní 2012 àti 2013 wọ inú impact factor. Ẹni tó kọ ọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan. Ẹni tó kọ ọ́ pé ìṣirò rẹ̀ kò dúró, ẹyọ kan. Àwọn tí JPSP dá iṣẹ́ wọn padà náà dárúkọ Bem nínú PLoS ONE, wọ́n sì fi ìyẹn bu kún iye JPSP. Ká ní Shepard ló ń ṣe ìwé náà ni, à bá rí àmì pupa lára rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ẹni tó bá mọ yunifásítì ilẹ̀ wa mọ ọ̀rọ̀ “offshore”: kí olùkọ́ tó gba ìgbéga, iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde nínú jọ́nà òkè òkun. Àwọn ìgbìmọ̀ ń ka iye, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi ń dá jọ́nà ayédèrú sílẹ̀, tí wọ́n ń gba dọ́là lọ́wọ́ olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ náírà. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sírú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ tó wo orúkọ jọ́nà tó wà lára ẹ̀yìn rẹ̀.

Garfield kú ní 2017. Wọn ò tíì yọ iṣẹ́ Bem kúrò. Ó wà ní ìdìpọ̀ ọgọ́rùn-ún JPSP, láti ojú ewé 407 dé 425. Ẹ lọ kà á.