Ìrẹsì ẹ̀dínwó gbẹ̀mí èèyàn ní Yábàá: Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ àká ìjọba dání?

Kì í ṣe alágbe ni àwọn tó tò sẹ́nu géètì kọ́sítọ́ọ̀mù ní Yábàá, l'Ékòó, lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 23, oṣù Kejì, ọdún 2024. Owó wà lọ́wọ́ wọn. Ìrẹsì tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ẹ́ tà fún mẹ̀kúnnù, kílò 25 ní N10,000, kẹ́ni tó bá fẹ́ rà á sáà ti mú nọ́ńbà NIN rẹ̀ dání. Lọ́jà lásìkò yẹn, irú àpò kékeré bẹ́ẹ̀ ti lé ní N30,000. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ta ni ò ní lọ?

Wọ́n lọ o. Èrò pọ̀ bí eṣú. Nígbà tó yá, wọ́n ní ìrẹsì ti tán. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Àwọn èrò já ohun tí wọ́n fi dínà, wọ́n ya wọlé gìrọ́gìrọ́, àwọn tó sì ṣubú kò ráyè dìde mọ́. Àwọn kan fara pa, àwọn kan gbabẹ̀ kú. Kọ́sítọ́ọ̀mù fúnra wọn kéde pé ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sì dá títa ìrẹsì náà dúró. Ẹni tó jáde nílé láti wá ohun tí àwọn ọmọ máa jẹ, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé fún àwọn ọmọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn bú kọ́sítọ́ọ̀mù nígbà yẹn, èmi náà bá wọn bú u. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, bodè ni wọ́n gbà wọ́n láti ṣọ́, wọn ò gbà wọ́n láti máa wọn ìrẹsì fún aráàlú. Ẹni tó ni iṣẹ́ yẹn gan-an wà níbì kan, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, ẹ̀ka kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tọ́jú oúnjẹ pamọ́ de ọjọ́ ìyàn. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń pè é ní National Food Reserve Agency. Òun ló ni àwọn àká onírin gàgàrà tí wọ́n ń pè ní sáílò, irú èyí tó wà l'Ákùúrẹ́. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n (33) ni ìjọba kọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, tí gbogbo wọn bá sì kún, wọ́n lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún (1,300,000) tọ́ọ̀nù ọkà. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àpò ọkà tí a bá kórè, ìjọba àpapọ̀ á tọ́jú márùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ á tọ́jú mẹ́wàá.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe awo. Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà kò lọ sílé ìwé, ó sì mọ̀ ọ́n. Tí àgbàdo bá gbó, tó pọ̀ lọ́jà débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ẹ́ rà á, ṣe ló máa dì í ní ìdì-ìdì, á gbé e kọ́ sókè àjà ìdáná, kí èéfín lè máa lé kòkòrò. Ìgbà tí oúnjẹ bá wọ́n lóko ló ń yọ ọ́ jáde. Ohun tí Jósẹ́fù ṣe ní Íjíbítì náà nìyẹn, tí àwọn ará wa Mùsùlùmí ń pè ní Ànọ́bì Yúsúfù: kó o nígbà tó pọ̀, kó o mú un jáde nígbà tó wọ́n.

Ó dára. Lóṣù Keje, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì. Lóṣù Kejì, ọdún 2024, nígbà tí ariwo ebi gbòde kan, ìjọba ní kí wọ́n kó ọkà àti gàrí tó tó 42,000 tọ́ọ̀nù jáde nínú àká, pé àwọn oníléeṣẹ́ ìrẹsì náà á mú 60,000 tọ́ọ̀nù wá. Létí, iye yẹn pọ̀ gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò èyí tó ti inú àká wá. A lé ní igba mílíọ̀nù ní Nàìjíríà. Tí wọ́n bá pín 42,000 tọ́ọ̀nù kárí, ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún máa gba nǹkan bíi kílò kan. Kò tó kóńgò kan, ìyẹn tí kò bá sẹ́ni tó bù nínú rẹ̀ lọ́nà o! Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún yẹn, àwọn oníṣirò ìjọba fúnra wọn sọ pé owó oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tó ṣáájú. Àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà máa sọ fún yín pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbínú aráàlú kò sì jìnnà. Lọ́jọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí ètò ọ̀gbìn kan l'Ábùújá, wọ́n kó oúnjẹ ibẹ̀ lọ, kódà wọ́n tú páànù orí ilé. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹwàá, ọdún 2020, nígbà tí wọ́n já àwọn ibi tí wọ́n kó oúnjẹ kòrónà sí l'Ékòó àti l'Ẹ́dẹ. Ẹni tó bá ti gbà pé oúnjẹ wà nínú ilé tí wọn ò sì fún òun, ẹ má retí kó tò sórí ìlà.

Ibi tó dùn mí jù ni ti ọdún 2025. Lọ́dún yẹn, owó àgbàdo àti ìrẹsì wálẹ̀ lọ́jà. Inú àwa ará ìlú dùn, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ fariwo ta pé àwọn ti wọ gbèsè, nítorí iye tí wọ́n fi ra ajílẹ̀ kò bá iye tí wọ́n ń ta ọkà mu. Ìgbà tó yẹ kí ẹni tó ni àká gbé owó jáde nìyẹn, kó ra ọkà lọ́wọ́ wọn ní iye tí kò ní pa wọ́n, kó sì kún sáílò rẹ̀ bámúbámú. Àgbẹ̀ tó bá jẹ gbèsè lọ́dún yìí, oko kékeré ló máa dá lọ́dún tó ń bọ̀, àwa la sì máa ra èyí tó wọ́n.

Ní Íńdíà, ọdún 1965 ni wọ́n ti dá Food Corporation of India sílẹ̀. Kí àgbẹ̀ tó kórè ni ìjọba ti máa ń kéde iye tí wọ́n máa fi ra ìrẹsì àti wíìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìsọ̀ àdúgbò tó lé ní 500,000 ló ń pín in fún aráàlú, oníkálukú pẹ̀lú káàdì ìdílé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń gba kílò 5 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Olè wà níbẹ̀ o, èkúté wà níbẹ̀, àwọn onísọ̀ kan sì ń tà á gba ẹ̀yìn. Síbẹ̀, nígbà kòrónà lọ́dún 2020, àká wọn kún, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà pín in sì ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé.

Tiwa náà kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 la ní. Ẹ pín 42,000 tọ́ọ̀nù ọjọ́sí sí i, tọ́ọ̀nù 54 ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹrù bíi tírélà méjì. Tírélà méjì sí Mushin, méjì sí Ṣúrùlérè, méjì sí Àgége, kí wọ́n tà á ní ọjà tí kálukú ń fẹsẹ̀ rìn lọ, fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Kí ló wá dé tí géètì kan ṣoṣo ní Yábàá fi di ti gbogbo Èkó? NIN tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn yẹn mú dání, àdírẹ́ẹ̀sì ilé oníkálukú wà nínú ẹ̀. Kí wọ́n tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà ìjọba ti mọ ibi tí wọ́n ń gbé.