Ṣé O Mọ̀? Iṣẹ́ Ọkùnrin àti Iṣẹ́ Obìnrin Nígbà Tí Èkó Di Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì

Ṣé o mọ̀ pé owó ẹyọ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn láti máa san fún Ọba Dòsùnmú lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861? Ọ̀kẹ́ 1,200 ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé, ìyẹn 24,000,000 ẹyọ. Láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ gidi ni kí èèyàn máa ka owó ẹyọ, kó máa sín in sókùn ní ogójì ogójì. Bí owó fàdákà ti ń gbilẹ̀ ní Èkó ni iṣẹ́ náà ń kú lọ.

Ṣé o mọ̀ pé Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò ńlá ní Èkó, ṣòwò ẹrú, ó sì tún ṣòwò epo pupa? Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ nítorí pé a bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Ó gba Abẹ́òkúta lọ, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá Haúsá tí Glover, alákòóso Èkó, kó jọ ló jẹ́ ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn? Lánàá, ẹrú oko. Lónìí, ọlọ́pàá tó ń gba owó oṣù. Ní 1873, Glover kó wọn lọ jagun Àṣáńtì. Obìnrin tó bá sá wá sí Èkó kò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà. Ó ní láti wá ẹni tí yóò fara tì, kó tó máa fi òwò pẹ́pẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ta ló wá pa gbogbo èkùrọ́ tí ọkọ̀ òkun ń kó láti Èkó lọ sí Hamburg ní Jámánì? Dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, àdín àti ọṣẹ ni àwọn obìnrin ń fi èkùrọ́ ṣe, wọn a sì da èyí tó pọ̀ jù nù. Nígbà tó yá, àwọn ará Jámánì fẹ́ òróró inú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ìyókù rẹ̀ fún oúnjẹ màlúù. Ọkùnrin ló ń gun ọ̀pẹ kọ ẹyìn. Ṣùgbọ́n ìyá, ọmọ àti ẹrúbìnrin ló ń jókòó tí wọ́n ń fi òkúta pa èkùrọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹ̀rọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti se epo tán. Epo àti èkùrọ́ yìí ni ìlú fi ń ra ọjà òkèèrè. Owó ibodè orí ọjà òkèèrè náà ni ìjọba sì fi ń san owó oṣù akọ̀wé. Nítorí náà, bí o bá rí àwòrán akọ̀wé àtijọ́ tó wọ kóòtù, tó de táì, mọ̀ pé òkúta ìyá kan ní abẹ́ ọ̀pẹ ló sanwó rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ mẹ́rin láyé ìgbà yẹn? James Pinson Labulo Davies, ọmọ Sàró (ìran Yorùbá tó ti Sierra Leone wá), ṣe olùkọ́, ó ṣe ọ̀gá ọkọ̀ òkun, ó di oníṣòwò ńlá. Gbèsè da òwò náà rú ní àwọn ọdún 1870, ló bá di àgbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ló gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọn.

Richard Beale Blaize ńkọ́? Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di oníṣòwò, ó sì dá ìwé ìròyìn Lagos Times sílẹ̀ ní 1880. Herbert Macaulay ṣe akọ̀wé ìjọba, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní ìlú òyìnbó ní 1890, ó padà dé ní 1893 gẹ́gẹ́ bí wọ̀nlẹ̀wọ̀nlẹ̀ ìjọba. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898.

Ṣé o mọ̀ pé Agudà tó ti Brazil dé ló ya àwòrán Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey? João Baptista da Costa ni. Wọ́n ṣí i ní 1894. Bíríkìlà àti káfíńtà Agudà kọ́ ọmọ Èkó níṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1895, rọ́bà tó jáde láti Èkó wọ̀n ju 5,000,000 pọ́n-ùn lọ? Wọ́n kọ igi ìrẹ́, tí rọ́bà náà ti ń jáde, lára débi pé ó kú, iṣẹ́ náà sì bá a kú.

Àwọn ọmọbìnrin náà lọ sílé ìwé. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ṣí tiwọn ní 1869, Mẹ́tọ́díìsì ní 1879. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n retí pé kí àwọn ọmọ náà fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe? Kí wọ́n ránṣọ, kí wọ́n ṣe tíṣà, kí wọ́n fẹ́ ọkọ tó lórúkọ, kí wọ́n sì jókòó sílé. Ìyá wọn àgbà tí kò mọ̀wé ń ná ọjà, ó ń ṣe alájàpá, owó tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ yìí gba ohun kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà bó ti ń fún wọn ní òmíràn.

Ṣé o mọ̀ bí ó ti pẹ́ tó kí ilẹ̀kùn iṣẹ́ agbẹjọ́rò tó ṣí fún obìnrin? Christopher Sapara Williams di agbẹjọ́rò ní 1879, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ náà. Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́, kò dé ibẹ̀ títí di 1933. Ọdún 54 ló wà láàárín wọn.

Bí ìtàn ẹbí rẹ bá sọ pé baba ńlá rẹ ṣe akọ̀wé tàbí káfíńtà ní Èkó nígbà náà, béèrè iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé tó ṣì wà láyé, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.