Nígbà Tí Ọmọ Àṣá Apẹja Bá Dákẹ́ Lójú Ọ̀nà

Osprey, àṣá apẹja tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ jẹ́ Pandion haliaetus, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ohun mìíràn yàtọ̀ sí ẹja. Láti òkè ló ti ń wo omi. Tó bá rí ẹja, á já wálẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á sì kó sínú omi. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹja yọ̀ bọ́. Bó bá ti gbéra, á yí ẹja náà kí orí rẹ̀ lè kọjú síwájú, kí afẹ́fẹ́ má baà dá a dúró.

Ní Britain, ìbọn àti àwọn tó ń jí ẹyin ẹyẹ kó jọ dín wọn kù débi pé, lẹ́yìn 1916, ìròyìn ìtẹ́ wọn kò jáde mọ́. Ní 1954 ni tọkọtaya kan tún pamọ ní agbègbè Loch Garten ní Scotland. Ní 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ẹyẹ láti Scotland lọ sí Rutland Water nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọ́pa sì wáyé níbẹ̀ ní 2001.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn ọmọ ń dàgbà nínú ìtẹ́. Tó bá di oṣù Kẹjọ, ìyá á kọ́kọ́ fi ìtẹ́ sílẹ̀. Baba á dúró díẹ̀, á máa gbé ẹja wá fún wọn, lẹ́yìn náà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbéra. Ó dá lọ ni. Kò sí àgbà tó ń ṣíwájú, kò sí ẹ̀gbọ́n tó ń júwe. Ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn ni kó kọrí sí gúúsù. Láti Scotland dé Sẹ̀nẹ̀gà tàbí Gáńbíà tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Àwọn tí wọ́n pa ní Finland àti Sweden máa ń gba ìhà ìlà oòrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan ń dé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ọmọ tó bá gúnlẹ̀ kì í tètè padà. Ó máa ń tó ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó tó tún rí ibi tí wọ́n ti pa á.

Kí àwọn onímọ̀ lè mọ ibi tí ọmọ náà gbà, kó tó mọ fífò ni wọ́n ti ń so ẹ̀rọ tó ń tọpa ìrìn àjò mọ́ ọn. Bó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹni tó gba ìwé àṣẹ á gun igi lọ sí ìtẹ́, á kó àwọn ọmọ sínú àpò, á sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Nílẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n, tí wọ́n sì ń fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ náà, tí kì í ju nǹkan bí 30 gíráàmù lọ, á jókòó sí ẹ̀yìn ẹyẹ bí àpò ìwé ọmọ iléèwé, okùn pẹlẹbẹ rẹ̀ á gba abẹ́ apá méjèèjì. Òwú ni wọ́n fi ń rán ibi tí okùn náà ti pàdé, kó lè jẹrà kó sì já tó bá yá. Ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ wúwo ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹyẹ náà lọ.

Oòrùn ló ń fún bátìrì rẹ̀ lágbára. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí Argos, ètò sátẹ́láìtì tí Faransé àti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1978. Àwọn tuntun ń fi GPS mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù fi ránṣẹ́. Nínú aṣálẹ̀ tí kò sí òpó fóònù, ẹyẹ lè dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí gbogbo ìròyìn rẹ̀ sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tó bá dé ìlú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń kó àníyàn bá àwọn tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn jù.

Àníyàn wọn kì í sì í ṣe lásán. Ní 2003, Kasper Thorup àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ẹyẹ tí wọ́n fi sátẹ́láìtì tọ̀ láti Sweden: bí ẹ̀fúùfù bá ń ti àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mọ bí yóò ṣe tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀fúùfù bá gbé ọmọ lọ ló ń lọ. Ọmọ tó bá kúrò ní Scotland lọ́jọ́ tí ẹ̀fúùfù ń fẹ́ láti ìlà oòrùn lè bá ara rẹ̀ lórí òkun Àtìláńtíìkì. Ẹyẹ yìí kò lè léfòó sinmi lórí omi bíi pẹ́pẹ́yẹ. Àfi tó bá rí ọkọ̀ ojú omi bà lé, yóò máa fò títí agbára rẹ̀ yóò fi tán.

Sàhárà ló tún kù. Ní 2010, Roine Strandberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ìrìn àjò tó ju 90 lọ tí oríṣi ẹyẹ apẹranjẹ mẹ́rin, osprey wà lára wọn, rìn gba aṣálẹ̀ náà kọjá. Ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbìyànjú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ ń gba ibẹ̀ ló parí sí ikú. Ti àgbà kò ju ìdá 2 lọ.

Lórí máàpù, ikú ní àmì tirẹ̀. Àmì tó ń lọ gbọọrọ sí gúúsù á bẹ̀rẹ̀ sí í súnra mọ́ra, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á kó jọ síbì kan ṣoṣo, lọ́sàn-án, lóru. Bátìrì á máa lọ sílẹ̀ bí ara ẹ̀rọ tó ń gba oòrùn bá dojú bolẹ̀. Bí ibẹ̀ bá súnmọ́ abúlé, wọ́n lè bẹ ẹnì kan kó lọ wò ó. Ìgbà mìíràn, ìyẹ́ àti egungun lásán ni wọn á bá. Tó bá jẹ́ òkun ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò.

Ọ̀fọ̀ tó ń tẹ̀lé e kì í ṣe eré. Kámẹ́rà tó wà lórí ìtẹ́ ti jẹ́ káwọn èèyàn rí ẹyẹ náà láti inú ẹyin, wọ́n ti rí ẹja tó kọ́kọ́ gbé mì, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn kan á ní ẹyẹ lásán ni, pé ju ìdajì àwọn ọmọ lọ kì í kúkú dàgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyẹ tó lè lò ju 20 ọdún lọ láyé ló kú lóṣù mélòó kan yẹn. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, òrùka ẹsẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì ṣa òrùka náà, a kì í mọ̀ pé ẹyẹ kú. Nísinsìnyí, òkú ní ọjọ́, ó ní ibi. Ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ewu ojú ọ̀nà yìí, lára àwọn tó kú ni a ti rí i kọ́.

Òrùka kò sì tíì di ohun àtijọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwa, àwọn àṣá wọ̀nyí máa ń wà létí odò àti ọ̀sà lápá gúúsù Nàìjíríà. Apẹja tó bá bá ọ̀kan nínú àwọ̀n, láàyè tàbí lókùú, kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí òrùka bá wà níbẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi nọ́ńbà, ọjọ́ àti orúkọ ibi tó ti rí i ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sára òrùka náà, kó sì tú èyí tó bá wà láàyè sílẹ̀.