Ṣé o mọ̀? Sẹ́fà kan ju fránkì Faransé lọ rí

Láti oṣù kẹwàá ọdún 1948, odidi fránkì Faransé méjì lèèyàn máa kó sílẹ̀ kó tó rí fránkì sẹ́fà kan ṣoṣo gbà. Lọ́dún 1960, Faransé sọ 100 fránkì àtijọ́ rẹ̀ di fránkì tuntun kan, 50 sẹ́fà sì di fránkì tuntun kan. Kì í ṣe pé sẹ́fà já wálẹ̀ o, bí wọ́n ṣe ń ka owó ló yí padà. Iye yẹn dúró digbí fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Àfi January 12, 1994 tó di 100 lẹ́ẹ̀kan náà! Oníṣòwò Kútọnu tó ń fi 50,000 sẹ́fà ra ọjà 1,000 fránkì láti Faransé, 100,000 ló ní láti wá.