Kòkòrò Àgbàdo àti Kòkòrò Ìrẹsì: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀

Láti ìgbà tí omi ti fà, ìbéèrè kan náà ni a ń gbọ́ láti ilé dé ilé: “Kòkòrò wo ló wà nínú àgbàdo tí a gbé sórí àjà yìí? Ṣé ìrẹsì tí ẹ pín fún wa ló kó o wá?” Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré. Fún ọ̀pọ̀ ilé, àgbàdo orí àjà yẹn nìkan ni irúgbìn tí omi kò gbé lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀

Ẹ da kòkòrò mélòó kan sórí bébà funfun. Bí ẹnu rẹ̀ bá gùn tó sì tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ọwọ́jà erin, ìdílé Sitophilus ló ti wá. Bí kò bá ní ẹnu gígùn, nǹkan mìíràn ni. Kòkòrò ẹ̀wà kò ní in, kì í sì í jẹ àgbàdo. Kòkòrò pupa pẹlẹbẹ inú èlùbọ́ náà kò ní in.

Àwọn mẹ́ta tó jọra

Ẹ fi fóònù ya àwọn tó ní ẹnu gígùn, kí ẹ sì mú àwòrán náà tóbi. Ẹ wo ìyẹ́ líle tó bo ẹ̀yìn wọn, kí ẹ tún wo ibi tó wà láàárín orí àti ìyẹ́. Ẹ máa rí ihò wẹ́wẹ́ níbẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un.

Sitophilus zeamais ni kòkòrò àgbàdo. Ó dúdú díẹ̀, àmì pupa mẹ́rin sì hàn kedere lórí ìyẹ́ rẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀ rí roboto, wọ́n sì kún gbogbo ibẹ̀. Ó ń fò dáadáa, débi pé ó lè bá àgbàdo nínú oko kí a tó ká a.

Sitophilus oryzae ni kòkòrò ìrẹsì. Ó sábà máa ń kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun náà ní àmì mẹ́rin, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ihò rẹ̀ gùn díẹ̀, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ní ihò sì gba àárín wọn kọjá. Òun náà ń fò.

Sitophilus granarius kò ní àmì kankan. Ó ń dán, ihò rẹ̀ gùn, wọ́n sì jìnnà síra. Kò lè fò rárá. Ilẹ̀ olótùútù ló ti wọ́pọ̀, ó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa.

Ẹ má fi títóbi nìkan dájọ́. Èyí tó dàgbà nínú hóró àgbàdo lè tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dàgbà nínú hóró ìrẹsì. Àwọn onímọ̀ pàápàá máa ń la inú wọn wò kí wọ́n tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Orúkọ kò dè é mọ́ oúnjẹ kan

Ibí ni àwa fúnra wa ti ṣìṣe. A to ìrẹsì ìrànwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo tó ti ní kòkòrò, a ní kòkòrò àgbàdo kò ní bá ìrẹsì ṣe. Lẹ́yìn oṣù méjì, a ń fẹ́ kòkòrò kúrò nínú ìrẹsì. Kòkòrò àgbàdo ń jẹ ìrẹsì, kòkòrò ìrẹsì náà sì ń jẹ àgbàdo.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Abo á gbẹ́ ihò sínú hóró, á yé ẹyin kan sí i, á sì dí i padà. Inú hóró ni ọmọ náà á ti dàgbà fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru. Nítorí náà, àpò tó mọ́ lónìí lè kún fún kòkòrò lóṣù tó ń bọ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe

1. Àgbàdo tí omíyalé kàn, tàbí tó ti bu, ẹ dà á nù. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fún adìyẹ. Kòkòrò kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n èyí tó bu lè ní májèlé tí sísè kì í pa.

2. Ẹ sá èyí tó kù sóòrùn, kí ẹ sì fẹ́ ẹ. Ẹ da díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, kí ẹ mì í. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ.

3. Ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì tàbí àpò onípele mẹ́ta, kí ẹ dé e pinpin. Àìsí afẹ́fẹ́ á pa èyí tó wà nínú hóró.

4. Ẹ má fi Sniper sí oúnjẹ. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa èyí.

5. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ wé hóró 20 sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Bí èyí tó hù kò bá tó 16, ẹ wá bá wa kí a jọ wá irúgbìn mìíràn.

Bí kòkòrò yín bá rú yín lójú, ẹ kó díẹ̀ sínú ìgò tó ní ìdérí wá ní ọjọ́ ìpín oúnjẹ. A ó jọ wò ó.