Ṣé o mọ̀ pé akọni tó ń gun ògiri ní káríófà?

Ṣé o mọ̀ pé Spider-Man, ọmọkùnrin tó ń gun ògiri bí aláǹtakùn, tó ń fi ọwọ́ lásán dá ọkọ̀ dúró, kò rí ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀ gbà lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba tiwọn? Eré ìdárayá ló dá a dúró. Kírẹ́díìtì kan ṣoṣo ló kù ú kù, ti eré ìdárayá, iṣẹ́ tí ẹni tó bá ti lè sáré yí pápá ká yóò yege. Nọ́ńbà 185 ìwé ìtàn aláwòrán rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà, èyí tó jáde pẹ̀lú déètì oṣù kẹwàá ọdún 1978. Ọmọ tó ń fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn lálaalẹ́ ní New York kò ráyè yọjú sí kíláàsì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní kó padà wá ṣe é.

Káríófà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa ń pe irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n ní Òmù-Àrán, ní Màlété, ní Ìlọrin, wọ́n á sọ bó ṣe ń rí lára nígbà tí gbogbo ilé ti ránṣọ ayẹyẹ tán, tí orúkọ ọmọ ò sì sí lára pátákó. Mo fẹ́ràn ojú ewé yẹn ju gbogbo ibi tí Spider-Man ti ń ja ìjà lọ. Ẹni tó kọ ọ́ rántí pé ọmọ ilé ìwé ni akọni yìí kó tó di akọni.

Ṣé o mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí ìtàn Spider-Man má jáde rárá? Stan Lee ló kọ ọ́, Steve Ditko ló yà á. Stan Lee sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé nígbà tí òun gbé e tọ ọ̀gá òun lọ, ọ̀gá ní àwọn èèyàn kórìíra aláǹtakùn, àti pé ọmọdé kì í ṣe akọni, ẹ̀yìn àgbà ló yẹ kó máa tọ̀. Ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ti pinnu láti pa rẹ́ ni wọ́n wá fi í sí, Amazing Fantasy nọ́ńbà 15, oṣù kẹjọ ọdún 1962, sẹ́ǹtì 12. Ọjà tà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú ìwé sẹ́ǹtì 12 yẹn ni wọ́n ta ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 3.6 dọ́là.

Peter Parker ni orúkọ rẹ̀ nílé. Ó jẹ́ ọmọ òrukàn, òun àti May, ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, ni wọ́n jọ ń gbé lẹ́yìn tí olè pa Ben, ọkọ ìyá náà. Olè yẹn gan-an ni Peter ti rí tẹ́lẹ̀ tí kò dá a dúró, tó ní kò kan òun. Ìdí tó fi ń jáde lálẹ́ nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ bó ṣe ń rí owó jẹun? Á so kámẹ́rà mọ́ igun ilé, á jẹ́ kó máa ya àwòrán fúnra rẹ̀, á wá lọ kojú àwọn ọ̀daràn níwájú rẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ló ń ta àwòrán náà fún, ọ̀gá ọ̀hún sì ni ẹni tó ń kọ ọ́ sójú ìwé pé ọ̀daràn ni Spider-Man. Owó tí ẹni tó ń bà á lórúkọ jẹ́ ń san fún un ni ó fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló sì fi ń rán ìbòjú rẹ̀ nígbà tó bá ya, òun nìkan nínú yàrá, ìlẹ̀kùn ní títì, kí ìyá àgbà má baà rí i. Kò sí télọ̀ tó lè gbé e lọ fún.

Oṣù kejìlá ọdún 1965 ni ìwé tó fi wọ yunifásítì jáde, nọ́ńbà 31. Orí ìjókòó ló wà ní kíláàsì, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń kí i, kò dáhùn. Wọ́n ní ìgbéraga ń yọ ọ́ lẹ́nu. Gwen Stacy, ọmọbìnrin tó padà wá fẹ́ràn, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni Harry Osborn, tó padà wá di alábàágbé rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ìyá àgbà wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, pé ìròyìn ọsibítù ni ọmọ náà ń rò. Ohun tó sì ṣe ìyá gan-an ló dun Peter jù. Ìgbà kan wà tí ìyá nílò ẹ̀jẹ̀, òun ló sì fà á fún un. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ lásán láti ìgbà tí aláǹtakùn kan ti bù ú jẹ, tó sì sọ ọ́ di alágbára; ẹ̀jẹ̀ tó fi gbà á là ọjọ́sí ló ti wá di májèlé lára ìyá.

Àwọn ọ̀daràn jí oògùn tó lè wò ó sàn. Peter lé wọn dé ibùba wọn lábẹ́ omi. Nọ́ńbà 33 ni ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀rọ irin ńlá kan wó lé e lẹ́yìn, omi ń jò láti òkè, omi ń pọ̀ sí i nílẹ̀, agolo oògùn náà wà níwájú rẹ̀ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó o. Ditko fi ojú ewé lé ojú ewé sórí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kan ṣoṣo. Àpótí àwòrán kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ náà ṣe ń gbé irin náà sókè, títí tí irin fi kúrò lẹ́yìn rẹ̀, tí àwòrán kan ṣoṣo fi gba ojú ewé tán. Ó gbé oògùn dé ọsibítù. Ìyá yè. Kíláàsì tí kò lọ ń dúró dè é.

Ka ọdún tó wà láàárín 1965 àti 1978. Ọdún 13 ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí lò lójú àwọn tó ń ra ìwé náà kí wọ́n tó pè é sí ayẹyẹ ìgbàwé-ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé díẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé níbi tí Ìgbómìnà ti gba orúkọ, ohun ìjà àrà kan wà níbẹ̀? Àwọn àgbà sọ pé Ọ̀ràngún, baba ńlá wọn, gba àdá kan tí wọ́n ń pè ní ogbó nígbà tó ń kúrò ní Ifẹ̀, àdá náà ló sì ń mọ ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà. Ogbó mi mọ̀nà, òun ló di Ìgbómìnà. Aláǹtakùn tó bu Peter jẹ fún un ní nǹkan kan náà: ara rẹ̀ ń sọ fún un ibi tí ewu ti ń bọ̀ kí ewu tó dé. Ọ̀nà ni ohun tí àwọn baba wa kà sí agbára. Bí a ti ń mọ̀ ọ́n ló ṣòro.

Bí èèyàn kan bá sì sọ pé orúkọ méjì nínú ara kan jẹ́ ohun tí òyìnbó gbé dé, kí ó wá wo Egúngún Ẹlẹ́wẹ̀ bó ṣe ń jó ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Nígbà tí ẹ̀kú bá ti wọ̀, ará ọ̀run ló dé. Ìyá tó mọ ohùn ọmọ rẹ̀ dáadáa á kúnlẹ̀ gba àdúrà, kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìlú ló ń bá a pa àṣírí náà mọ́. Spider-Man kò ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló ń ru tirẹ̀, mo sì rò pé ohun tó jẹ́ kí ẹrù rẹ̀ wúwo nìyẹn. Wo àwọn ọdẹ wa náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣọ́ ìlú lóru pẹ̀lú iná orí àti ìbọn, àgbẹ̀ ni wọ́n lójú mọmọ. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á sì gba oko lọ, wọn ò ní sùn. Fágúnwà mọ̀ wọ́n. Nígbà tó gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ọdẹ ló mú ṣe akọni, kò wá a lọ síbòmíràn.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn olóró tó ń bá àwọn ọmọ wa jà ní yunifásítì lónìí ti wọ ìtàn Spider-Man láti 1971? Harry, alábàágbé rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu oògùn. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló ní kí Stan Lee kọ nǹkan lórí rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé aláwòrán nígbà náà kọ̀, òfin wọn ni pé a ò gbọdọ̀ dárúkọ oògùn olóró rárá, ì báà jẹ́ láti bá a wí. Wọ́n tẹ nọ́ńbà 96 sí 98 láìsí òǹtẹ̀ wọn. Láàárín ọdún kan náà, òfin yí padà. Ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú akọni ni oògùn mú, akọni ò tètè mọ̀, ìjà ìta ló gbájú mọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ ka ìyẹn.

Robin náà, ọmọ ẹ̀yìn Batman, wọ yunifásítì ní 1969. Ó di ẹrù, ó kúrò nílé ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó wú mi lórí jù ni ti Virgil Hawkins. Òun ni Static, ọmọ adúláwọ̀ ilé ìwé girama tó ń fi mànàmáná jà, tí àwọn adúláwọ̀ mẹ́rin tó dá ilé iṣẹ́ Milestone sílẹ̀ gbé jáde ní 1993. Ṣé o mọ̀ ibi tí wọ́n ti rí orúkọ náà? Virgil Hawkins kan wà lóòótọ́. Ní 1949 ó bẹ̀bẹ̀ àyè láti kọ́ òfin ní Yunifásítì Florida, wọn ò gbà á nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ó sì lé ní 20 ọdún kó tó gba àṣẹ láti máa ṣe lọ́yà ní ìpínlẹ̀ náà. Orúkọ ẹni tí wọ́n tì sẹ́yìn ìlẹ̀kùn yunifásítì ni wọ́n fún ọmọ tó ń fò. Nínú fíìmù àwòrán tí wọ́n fi Static ṣe, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí Ghana, ó sì pàdé akọni ibẹ̀, Anansi, aláǹtakùn inú àlọ́ àwọn Akan. Lọ́dọ̀ tiwa, Ìjàpá ló gba ipò yẹn.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Láti 1967 ni Atọ́ka ti ń gbé eré àwọn òṣèré Yorùbá jáde ní fọ́tò, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wà lára àwòrán. Ní 1975, Powerman dé sórí àtẹ wa, akọni aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣe ní London fún ọjà Nàìjíríà. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó ń wáṣẹ́ ló ń yà á, Brian Bolland àti Dave Gibbons. Àwọn méjèèjì padà di ìlúmọ̀ọ́ká: Gibbons ló ya Watchmen, Bolland ló ya The Killing Joke. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń ra iṣẹ́ wọn kí ayé tó mọ̀ wọ́n.

Lónìí àwa fúnra wa ló ń yà á. Comic Republic ní Èkó ní akọni kan tó ń jẹ́ Eru, olùkọ́ ni ní Yunifásítì Èkó, ẹ̀rù inú ọ̀daràn ni agbára rẹ̀. Roye Okupe kúrò ní Èkó lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ní 2015 ó gbé Wale Williams jáde, ọmọ tó padà wálé wá bàbá rẹ̀ tó sọnù. Lẹ́yìn náà ló kọ Iyanu, ọmọ òrukàn tí kò mọ ohun tó wà lára rẹ̀. Godwin Akpan ló ya ìwé náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Iyanu bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n Cartoon Network ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú orúkọ Yorùbá.

Mo máa ń ro ti àwọn akọni wọ̀nyí nígbà tí mo bá dé Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níwájú àwọn ère òkúta tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n jókòó sórí àpótí, ilà wà lójú wọn, irun dídì ga lórí wọn. Àwọn kan mú ohun èlò orin lọ́wọ́, àwọn kan mú àdá, wọ́n gbé e lé èjìká bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ìtàn kan ní àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ọdẹ ló kọ́kọ́ rí wọn nínú igbó. Ní 1933, alábòójútó ilé ìwé kan, H. G. Ramshaw, jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa wọn; ní 1945, ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òmù-Àrán tó ní yunifásítì kò jìnnà síbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà ni.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi bírò yàwòrán sẹ́yìn ìwé nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀, ìwọ ni mò ń bá wí. Ya ọmọ Ìgbómìnà kan fún wa, tó ní ìdánwò láàárọ̀, tí ogbó baba rẹ̀ sì ń pè é lóru. Jẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa fóònù. Jẹ́ kó ní káríófà. Lọ sí Èsìẹ́, jókòó níwájú àwọn tó mú àdá, kí o sì yà wọ́n wò kí ilẹ̀ tó ṣú.